Ìyẹ̀fun Àgbọn Kì í Ṣe Gaàrí

Ìjẹ̀bú-Òde,
3 Oṣù Kejì, 2025.

Nùsírátù, àlejò tó lọ wo ọmọ tó di onílé,

Àsàláámù aléékún. Ṣé òtútù Kánádà ò tíì sọ ọ́ di ẹja inú fírísà? Ọmọ-ọmọ wa ńkọ́? Ṣé Ayọ̀fẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín? Tí wọ́n bá ní ó jọ mí, kí ẹ má fi aṣọ bò ó lójú o. Bá mi kí Hanifah. Sọ fún un pé mo bí i kí ó tó di nọ́ọ̀sì, kí ó yé pàṣẹ fún mi.

O bi mí lórí fóònù pé báwo ni ara, mo ní ó dára. O mọ̀ pé etí mi kan ti fẹ̀yìntì. Tí mo bá fi èkejì gbọ́ fóònù, ariwo tí mò ń pa a máa jẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ ohun tó ń ṣe mí ní ìdí. Ìwé ló dára fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi fúnra mi ni mo ya á sórí fóònù tí mo fi ránṣẹ́. Tí o bá rí àtàǹpàkò mi níbẹ̀, kí i.

Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ní ṣúgà inú rẹ̀ ga. Mo ní kó má bínú, àìsí ìyàwó nílé ni, kò sí ẹni tó ń bá mi mú un kúrò lórí tábìlì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìgbà wo ni mo yàgbẹ́ kẹ́yìn. Mo ní ọjọ́ kẹrin rè é.

"Bàbá, kí lẹ ń jẹ láàárọ̀?"

"Gaàrí."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Gaàrí."

"Lálẹ́?"

"Wọ́n á ti fi omi gbígbóná tẹ ẹ́."

Ó ní tí mo bá ń bá a lọ báyìí, abẹ́rẹ́ ṣúgà ló kàn, àti pé ìfun tó bá ń dì báyìí, lọ́jọ́ kan ọ̀bẹ ni wọ́n máa fi ṣí i. Ó ní kí n máa jẹ fáíbà. Mo rán Mùínátù àbúrò mi lọ sọ́jà, ó ní òun ò rí ẹni tó ń tà á.

Ilé yìí ń lé mi síta. Mo jókòó síwájú ilé, mo dìde. Mo wọ ẹ̀yìnkùlé, mo wo àwọn adìyẹ rẹ, àwọn náà wò mí bí ẹni pé èmi ni mo lé ọ lọ. Mo ti fi tépù wọn ògiri pálọ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kò tíì sún.

Mo gbọ́ pé Hanifah fẹ́ kí o dúró di oṣù kẹjọ. Ohun tí a sọ ni pé o máa dé kí Iléyá tó dé. Dúró tó bá wù ọ́ o. Kí ni mo fẹ́ fi ọ́ ṣe?

Èmi ni,
Gbàdàmọ́sí, bíríkìlà tó kọ́ ilé tán tó wá ku òun nìkan sínú rẹ̀.


Calgary, Kánádà,
9 Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá Hanifah,

Wà aléékún sàláámù. Ẹ kú ìdáwà, ẹ kú ẹnu náà. Ayọ̀fẹ́ ń kí yín. Ó jọ yín lóòótọ́, pàápàá tí ó bá ń pariwo láìnídìí.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Lọ́jọ́ Sátidé, Hanifah mú mi lọ sí ilé ìtajà kan. Mo rí nǹkan funfun nínú ọ̀rá, wọ́n ya àgbọn sí i lára. Mo ní kí nìyẹn? Ó ní, "Ìyẹ̀fun àgbọn ni, Mọ́mì." Nígbà tí a délé, mo tú u, mo tọ́ ọ wò. Bàbá Hanifah, èérí àgbọn ni! Èérí tí mo máa ń dà fún adìyẹ lẹ́yìn tí mo bá ti fún omi rẹ̀ ṣe òróró! Wọ́n sá a gbẹ, wọ́n lọ̀ ọ́, ni àwọn olówó bá ń tò láti rà á. Ogún ọdún ni mo fi ń bọ́ adìyẹ bí ọba.

Hanifah ní òun gan-an ni fáíbà tí dókítà yín ń wí. Háhá inú oúnjẹ ni, èyí tí ikùn ò lè lọ̀ tán. Ó ní tí ẹ bá bu ṣíbí mẹ́wàá nínú ìyẹ̀fun yìí, ó tó mẹ́rin tó jẹ́ fáíbà nìkan. Gaàrí yín ńkọ́? Bóyá ni ti inú rẹ̀ á kún ìlàjì ṣíbí. Ó ní fáíbà kì í jẹ́ kí ṣúgà oúnjẹ sáré wọnú ẹ̀jẹ̀, ó ń gbá ìfun bí ìgbálẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ikùn kún pẹ́, kí ebi má tètè pani. Àmọ́ ọ̀rá àgbọn kì í tán nínú rẹ̀, ẹ má bù ú bí yanrìn.

Ṣíbí kan lójúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kó di méjì. Ẹ pò ó mọ́ ògì tàbí kí ẹ fi sínú ọbẹ̀. Kí ẹ sì mu omi tẹ̀lé e dáadáa, ó ń fa omi gan-an.

Ẹ gbọ́ àdéhùn. Hanifah fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ń bẹ̀ mí pé kí n dúró ti ọmọ. Tí ara yín bá yá, màá dúró. Tí kò bá yá, màá padà wálé, kí ó bínú. Nítorí náà òótọ́ ni mo fẹ́. Ẹ má fi àwàdà bo àìsàn mọ́lẹ̀, ẹ má sì fi àìsàn ṣàwàdà.

Èmi ni aya yín,
Nùsírátù.


Ìjẹ̀bú-Òde,
17 Oṣù Kejì, 2025.

Ìyá Oníyẹ̀fun,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ò jẹ́ kí n rí ọ.

Oúnjẹ adìyẹ ni o kọ fún mi, mo sì gbà. Mo rò ó, mo rí i pé láti ọjọ́ tí a ti ń sin adìyẹ nílé yìí, kò sí èyí tó ní àtọ̀gbẹ.

Mo ra àgbọn mẹ́fà. Òòlù bíríkìlà ni mo fi fọ́ ọ. Mo rin ín fúnra mi, tí ó bá sì jẹ́ pé ẹran ara ní fáíbà, ti ìka ọwọ́ mi méjì wà níbẹ̀. Mùínátù fún omi rẹ̀ lọ láti fi se ìrẹsì, ó ní owó iṣẹ́ òun nìyẹn. Mo sá èérí sórí páànù. Àkùkọ rẹ oníbìínú gun orí rẹ̀, ó ní oúnjẹ òun ni. Mo ní kó ní sùúrù, dókítà ló kọ ọ́ fún mi. A jà. Èmi ni mo sá wọlé, àmọ́ mo gbé páànù dání.

Ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ ni mo gbé e lọ. Ó jáde ní pupa rúsúrúsú, ó ń rùn bí àmàlà tó lọ kí àgbọn nílé. Mo ní kò burú.

Wàyí o, bí ọmọ Ìjẹ̀bú ṣe mọ oúnjẹ ni kí ó rẹ ẹ́. Mo bu ìyẹ̀fun sínú abọ́, mo da omi tútù sí i, mo wọ́n ẹ̀pà lé e, mo ní kó fi ìwà hàn mí. Ó fa omi àkọ́kọ́, kò dúpẹ́. Ó fa èkejì. Nígbà tí mo fi máa mú ṣíbí, ó ti dì bí amọ̀ tí a fi ń rẹ́ ògiri. Gaàrí tó dáa, tó kan, tó funfun, kò jẹ́ hu irú ìwà báyìí. Mo dà á fún àkùkọ kí ìjà wa lè parí.

Láti ìgbà náà, ní gbígbẹ ni mò ń jù ú sẹ́nu, bí a ṣe ń ju gaàrí sẹ́nu níléèwé. Ó sì ń ṣiṣẹ́! Ọjọ́ kẹta, mo lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Ṣúgà náà ti wálẹ̀ díẹ̀, dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ara rẹ̀.

Ṣé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, àbí wọn ò tíì dá ọ sílẹ̀? Mo kàn ń bèèrè ni, nítorí àwọn adìyẹ.

Gbàdàmọ́sí.


Calgary,
24 Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá Hanifah,

Mo ka lẹ́tà yín sí Hanifah létí, ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Àmọ́ nígbà tí mo dé ibi "ní gbígbẹ", ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tún un kà. Ó ní kí n sọ fún yín pé kò dáa. Ẹ pò ó mọ́ nǹkan olómi. Ṣé ẹ gbọ́?

Inú mi dùn pé ara yín ń yá. Mo ti sọ fún Hanifah pé màá dúró di oṣù kẹjọ. Ọmọ yìí ò tíì gbó, ẹ̀yin sì ti ń ṣe dáadáa láìsí mi. Ojúde Ọba ọdún yìí, ẹ bá mi wò ó, kí ẹ má bá àwọn arúgbó ẹgbẹ́ yín gun ẹṣin.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Dókítà ti ní kí ẹ má gbà á lọ́dún yìí, Ọlọ́run náà sì ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹ máa bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Ẹ̀yin ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ta ni ẹ tún fẹ́ ṣe àṣehàn fún?

Nùsírátù.


Ìjẹ̀bú-Òde,
8 Oṣù Kẹta, 2025.

Nùsírátù, ará Kánádà,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Oṣù kẹjọ kò jìnnà. Ènìyàn á sùn, á jí, á sùn, á jí, bí ìgbà ọgọ́jọ péré, ó ti dé.

O ní kí n máa bọ́ aláìní. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Aláìní àkọ́kọ́ tí mo rí ni èmi, nítorí mi ò ní ìyàwó nílé. Àwọn tí a jọ ń jókòó ní sààfù iwájú ní mọ́sálásí ń gbààwẹ̀ wọn, àwọn tó dàgbà jù mí lọ, kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan, kò sì sí ẹni tí mo dá lóhùn.

Ìyẹ̀fun rẹ ni mo fẹ́ yìn. Òótọ́ lo sọ pé ó ń jẹ́ kí ikùn kún pẹ́. Tí mo bá ti ju ṣíbí mẹ́fà olókìtì sẹ́nu ní sààrì, mo fẹ́ sọ pé láàárọ̀, tí mo fi ife omi kan tì í, ebi kì í pa mí títí oòrùn á fi wọ̀. Ikùn mi le bí ilẹ̀ kọnkéré. Mi ò tíì ní irú agbára yìí láti ìgbà tí mo ti ń gun àtẹ̀gùn.

Mo tún wọn ògiri pálọ̀. Mo tún wọn ti yàrá rẹ náà. Ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ.

Gbàdàmọ́sí.


Ìjẹ̀bú-Òde,
14 Oṣù Kẹta, 2025.

Nùsírátù,

Ọjọ́ karùn-ún rè é tí nǹkan kan ò jáde. Inú ń run mí, ó ń wú. Ohun tí mo bá jẹ ń padà wá sókè. Mi ò sùn, mi ò jókòó, rírìn ni mò ń rìn. Mi ò ṣàwàdà.

Gbàdàmọ́sí.


Calgary,
15 Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá Hanifah,

Áà! Ejò Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ti tún bù yín jẹ!

Ṣé ẹ rò pé mo ti gbàgbé? Ọdún tí mo lọ bá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láti ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi. Ọjọ́ kẹrin péré, ẹ ránṣẹ́ pé ejò bù yín jẹ, ẹ ń kú lọ. Orí ẹ̀gẹ́ nínú lọ́rì ni mo jókòó sí dé Òde, ẹsẹ̀ lásán, gèlè ò sí lórí. Mo bá yín lórí abọ́ ìkọ́kọrẹ́, ẹ fi aṣọ di ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo sunkún títí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ òsì ni aṣọ wà! Mo bi yín, ẹ ní oró ejò máa ń rìn. Mi ò rí ìgbéyàwó àbúrò mi.

Mo kọ̀wé pé mò ń dúró di oṣù kẹjọ, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, inú bẹ̀rẹ̀ sí run yín. Mo mọ ejò yìí, ó ti darúgbó báyìí, kò ní eyín mọ́.

Àmọ́ ẹ dá mi lóhùn ohun kan. Ẹ kọ "sààrì" sínú lẹ́tà tó kọjá. Ṣé ẹ ń gbààwẹ̀ ni?

Nùsírátù.


Calgary,
18 Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá Hanifah,

Ọjọ́ mẹ́ta rè é, ẹ ò fèsì. Ẹ kì í gba kí n bú yín fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá a padà. Lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́, àmì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò di méjì. Tí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sínú ìwé kí n rí i.

Nùsírátù.


Calgary,
20 Oṣù Kẹta, 2025.

Gbàdàmọ́sí,

Mo dárúkọ yín. Ẹ dìde kí ẹ wá bá mi wí.

Fóònù yín ò wọlé. Ti Àǹtí Mùínátù ń dún, kò sí ẹni tó ń gbé e. Mo fi lẹ́tà yín ti ọjọ́ kẹjọ han Hanifah, ó kà á, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní ṣíbí mẹ́fà, gbígbẹ, láìmu omi láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó ní ìyẹ̀fun náà máa wú nínú ìfun, á fa gbogbo omi tó wà níbẹ̀, á sì dì. Ó ní ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tí dókítà sọ nìyẹn. Ọmọ mi ò wojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹ ní ẹ ò ṣàwàdà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo fi ṣe ẹ̀rín.

Àmì kan náà ló ṣì wà níbẹ̀. Mo ti gbé ọmọ fún Hanifah. Mo ti rìn yí ilé yìí ká títí Hanifah fi ní kí n jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ kọ èébú.

Nùsírátù.


Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọsibítù,
24 Oṣù Kẹta, 2025.

Nùsírátù,

Mi ò tíì kú. Fóònù mi ló kú, ó wà nílé lórí tábìlì. Òní ni Mùínátù gbé e wá. Òun náà ti sọ tirẹ̀ sínú àpò ìpara, àpò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní òun rò pé ìfun mi ló ń dún.

Mo gbààwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlá ni mo gbà. Láti ọmọ ọdún méjìlá, mi ò tíì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ rí, ojú tì mí pé kí wọ́n rí mi tí mò ń mu omi lọ́sàn-án. Mo ní ìyẹ̀fun yìí á gbé mi ró. Ìwọ lo kọ ọ́ pé ó ń jẹ́ kí ikùn kún pẹ́. Ibi tó dùn mọ́ mi ni mo kà, ibi tí o kọ omi sí, mo fò ó.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, Mùínátù bá mi nílẹ̀ pálọ̀. Ọkọ̀ ẹnìkan tó ń lọ sí Ìjàgun ló gbé wa. Wọ́n fi omi sí mi lápá, wọ́n fi omi sí mi ní ìdí, ọjọ́ méjì gbáko. Wọ́n ti fá irun ikùn mi sílẹ̀ fún ọ̀bẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni Ọlọ́run ṣí ọ̀nà. Mi ò ní ṣàlàyé, àmọ́ gbogbo wọ́ọ̀dù ló ní "àlùjánnà".

Dókítà wá jókòó tì mí.

"Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìntì?"

"Bíríkìlà. Ogójì ọdún."

"Tí ọmọ iṣẹ́ yín bá da sìmẹ́ńtì gbígbẹ sínú páìpù, tó wá bu omi ife kan lé e, kí lẹ máa sọ fún un?"

Nùsírátù, mo ní kó bu omi fún mi. Mo mu ún tán.

Gbàdàmọ́sí.


Calgary,
25 Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá Hanifah,

Àlùjánnà kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń kí ènìyàn nídìí ìyẹn, alámùdúlílàhì ni. Ẹ̀yin àti wọ́ọ̀dù yín ò mọ nǹkan kan. Mo ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo tún kà á.

Ẹ foríjì mí nítorí ọ̀rọ̀ ejò. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti má gbà yín gbọ́, àmọ́ mo yẹ kí n ti mọ̀. Lẹ́tà yẹn kúrú jù. Ẹ kì í kọ lẹ́tà kúkúrú.

Mo ti múra láti bọ̀ lọ́la. Hanifah ní kí n fara balẹ̀, kí n bi yín ní ìbéèrè kan, kí ẹ sì dáhùn bí ẹni tó wà níwájú Kádì. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òun lè wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi ní oṣù karùn-ún, àmọ́ tí ara yín bá yá pátápátá, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ṣì fẹ́ kí ọmọ wà di oṣù kẹjọ. Àdéhùn wa ò yí padà. Ara yín yá, àbí kò yá? Ohun tí ẹ bá kọ ni màá ṣe. Mi ò ní bi Àǹtí Mùínátù, mi ò ní bi dókítà.

Nùsírátù.


Ìjẹ̀bú-Òde,
2 Oṣù Kẹrin, 2025.

Nùsírátù mi,

Mo kí ọ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo lọ sí yídì, mo jókòó sórí àga, mo mu omi níṣojú gbogbo sààfù iwájú. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn bẹ̀ mí pé kí n bu díẹ̀ fún òun. Mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ aláìní fún ọjọ́ tí mi ò gbà, aláìní gidi, kì í ṣe èmi.

Ọjọ́ kẹjọ rè é tí lẹ́tà rẹ wà níwájú mi. Mo kọ èsì, mo fà á ya. Mo kọ òmíràn pé ṣúgà ti ga sí i. Ó dùn ún kà. Mo fa òun náà ya.

Òótọ́ rè é. Dókítà ní ìyẹ̀fun àgbọn ò jẹ̀bi, èmi ni mo jẹ̀bi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tó ní kí n sinmi lórí rẹ̀, ó ní kí n padà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí kan. Mo ń pò ó mọ́ ògì, ó ṣàn, mo ń mu ife omi méjì tẹ̀lé e, òmíràn lọ́sàn-án, òmíràn lálẹ́. Ìgbẹ́ ń lọ déédéé. Ṣúgà ti wálẹ̀ ju ti oṣù kejì lọ, ó ní abẹ́rẹ́ ò kàn mí mọ́ báyìí. Mo ń sùn. Mo ti dá tépù padà sínú àpótí iṣẹ́. Ara mi yá pátápátá, kò sí ohun tó ń ṣe mí, mo búra.

Ejò kankan ò bù mí jẹ lọ́dún tí o lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. O ti mọ̀ tipẹ́. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin yẹn mọ́, mo jókòó síwájú ilé, mo dìde, mo wọ ẹ̀yìnkùlé, mo padà, mi ò sì mọ bí ọkùnrin ṣe ń ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kó máa bọ̀ láìjẹ́ pé nǹkan bù ú jẹ. Mi ò kọ́ ọ níléèwé, mi ò sì pẹ́ níbẹ̀.

Bá mi bẹ Hanifah. Bá mi bẹ Ayọ̀fẹ́.

Ara mi yá, Nùsírátù. Máa bọ̀ nílé.

Gbàdàmọ́sí.